Ìlóṣòó

Ìbọ̀wọ́ rẹ rèé, Idania, mo ti sá a sórí páànù.
Ó mu omi ọ̀sà Bluefields yó bí ọ̀mùtí lọ́jọ́ owó oṣù.
Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo gbé igi lónìí,
ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lo na afẹ́fẹ́ tí kò ṣẹ̀ ọ́,
lo bá fi ìbínú sọ awọ màlúù di ẹja.
N kò bá ọ wí.
Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, ní Butte, ní Montana,
nígbà tí mo ju tèmi sórí ààtàn,
tí mo sì lọ fọwọ́ tú ààtàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí adìẹ.

Jọ̀wọ́, wo ọwọ́ mi.
Ìka ìfábẹ̀lá yìí, bọ́ọ̀lù Wendell Kratz ló wọ́ ọ,
ọmọ àgbẹ̀ kan láti Nebraska, apá bí ìtì igi.
Kò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ,
èmi náà kò mọ̀,
àmọ́ èmi ni mo gbọ́dọ̀ pàdé rẹ̀ lọ́nà.
Àtàǹpàkò yìí, n kò rántí ìlú tó kán sí mọ́.
Ìlú pọ̀. Bọ́ọ̀sì kan náà ni.
Orúnkún lẹ́nu la fi ń sùn,
búrẹ́dì àti ẹ̀pà lílọ̀ láàárọ̀, òun náà lálẹ́,
owó tí mo sì ń fi ránṣẹ́ sílé
kò lè ra páànù tí ìbọ̀wọ́ rẹ ń gbẹ lórí rẹ̀ yẹn.

Ọdún mọ́kànlá.
Wọ́n ní pẹ́ títí, akólòlò á pe baba.
Mo gbà á gbọ́. Òun ni mo fi ṣe ìrọ̀rí.
Ní ọdún kejìlá tí mo ti ń fi bẹ́síbọ́ọ̀lù jẹun,
nígbà tí ewé ń pọ́n lórí igi, ẹgbẹ́ ńlá ránṣẹ́ pè mí.
Pápá tí òru rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ọ̀sán wa lọ!
Ọ̀kẹ́ méjì ènìyàn, gbogbo wọn ń jẹun.
Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀.
Mẹ́jọ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ògiri ni mo wà,
tí mò ń gba bọ́ọ̀lù fún àwọn tí kò mọ orúkọ mi.
Ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n gbé igi lé mi lọ́wọ́.
Ẹ̀ẹ̀kan.
Mo lù ú. Ó fò. Mo gbọ́ ariwo, mo ń sáré,
mo wòkè, mo rí ọmọkùnrin kan lọ́ọ̀ọ́kán tó na apá,
tó já a bí ẹni já máńgòrò.
Akólòlò pe "ba".
Wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Má wo ojú mi bẹ́ẹ̀. Èéfín ìdáná Miss Ivette ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn, n kò kàn rí ẹnu sọ ọ́ rí ni.
Àwa mẹ́sàn-án là ń wà lórí pápá.
Mẹ́jọ á dúró.
Amúbọ́ọ̀lù nìkan ló ń lóṣòó,
òun nìkan ló ń kọjú sí gbogbo àwọn yòókù.
Mo ń lóṣòó, mo ń dìde, àádọ́jọ ìgbà lálẹ́ kan,
orúnkún ń ké bí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà.
Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún ìdìde rí,
wọn kì í kọ ọ́ sínú ìwé.
Àmọ́ bí n kò bá dìde, bọ́ọ̀lù tó kàn kò ní sí.
Wọ́n ń pè é ní ìforítì.
Irọ́ ni, ọmọ mi. Orí kọ́ ni mo fi tì í,
orúnkún ni.

Lọ́la, awọ yìí á le bí ọ̀rọ̀ àgbà.
Fi òróró àgbọn pa á. Fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú.
Láago mẹ́fà, kí oòrùn tó mú,
màá wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn àwọn Moravia.
Ìwọ ni kí o jù ú, èmi á lóṣòó.
Bí o bá sì rí i pé n kò lè dìde mọ́,
má pe ẹnikẹ́ni.
Wá fà mí lọ́wọ́.